Omi Ta Ló Wà Nísàlẹ̀ Kúlà?

Ọjọ́ tí mo ṣí kúlà sàláàdì níwájú àlejò ìkómọ kan ní Zoo Road nílùú Kano, omi ni mo kọ́kọ́ rí. Kábéèjì àti kùkúmbà tí mo gé ní ìdájí, tó ń ró lábẹ́ ọ̀bẹ, ti rọ jọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà tó gbé iṣẹ́ fún mi wo kúlà, ó wo ojú mi.

"Ìyá Ráfíù, sàláàdì la ní kẹ́ ẹ bá wa ṣe, àbí ọbẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń se oúnjẹ òde ní Sabon Gari láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó tuntun, mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Lọ́kàn mi, mo ti mọ ẹni tó fà á. Ọ̀dọ̀ Málàm Habú ní ọjà Yankaba ni mo ti ń ra nǹkan wọ̀nyí. Ó máa ń wọ́n omi sí lẹ́tùsì rẹ̀ nínú oòrùn, ewé tó ti rọ á sì tún nà dìde. Mo ní ó ti rẹ ẹrù mi sómi kí ti àná lè jọ tuntun. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo kọjá sí ìsọ̀ rẹ̀, mo fi Hausa pariwo lójú àwọn oníbàárà pé oníjìbìtì ni, omi ló ń tà fún èèyàn.

Ó gbójú sókè. "Hajiya, ba ruwana..."

Ẹni tí kò bá gbọ́ Hausa, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ruwa ni omi. Ṣùgbọ́n bí ará Kano bá ní "ba ruwana", ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ò kan òun. Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀.

"Kò kàn ọ́, àbí?"

Mo bú u débi pé obìnrin kan tó ti ṣa tòmátì dà á padà sórí àtẹ, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rí i. Inú mi tiẹ̀ dùn.

Mo délé, mo rojọ́ fún ọkọ mi. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

"Ìgbà wo lo fi iyọ̀ sí i?"

"Bí mo ṣe gé e tán ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ó tẹ́."

Wọ́n gé kùkúmbà sínú àwo, wọ́n bu iyọ̀ lé e, wọ́n ní ká jọ jókòó wò ó. "Àwọn yàrá tín-ín-tìn-ín tí ojú ò lè rí ló para pọ̀ di kùkúmbà yìí. Omi tó kún inú wọn ló jẹ́ kó le. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yí yàrá kọ̀ọ̀kan ká. Omi ń gba ara awọ náà wọlé, ó ń gbà á jáde, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í ráyè kọjá bẹ́ẹ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ níta, omi á máa jáde lọ bá a. Bí ewé bá rọ, tí Málàm wọ́n omi lásán sí i, omi á padà wọlé. Kò rẹ́ ọ jẹ. Ìwọ lo fi iyọ̀ pe omi jáde."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

"Mo sọ ọ́. O ní kí n má sọ ilé di kíláàsì."

Omi ti yí kùkúmbà náà ká. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí Málàm fẹ́ sọ. "Ba ruwana ba ne." Kì í ṣe omi tòun. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́, nínú èdè tí mo ti ń sọ láti kékeré. Ojú tì mí débi tí mi ò lè gbé orí sókè wo ọkọ mi.

Mo dúró kí Yankaba kún kí n tó lọ, torí ìgbà tó kún náà ni mo bú u. Mo ní kí gbogbo wọn gbọ́: "Ruwana ne. Omi mi ni. Iyọ̀ mi ló fà á. Málàm, dárí jì mí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń to kárọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ.

"Hajiya, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó dá tòmátì padà lọ́jọ́ yẹn ò tíì padà wá."

Títí dòní, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í fọwọ́ kan iyọ̀ àfìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bu sàláàdì fún èèyàn. Bí mo bá sì dé Yankaba, Málàm á bi mí kó tó kí mi: "Hajiya, ruwan wa ne?" Omi ta ni?

"Ruwana ne."

Òun àti àwọn tó pàtẹ sítòsí á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi á máa wá àárín èrò, bóyá obìnrin yẹn á kọjá.