Àwa Méjì Là Ń Sebẹ̀, Kò Sẹ́ni Tó Lè Tọ́ Ọ Wò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ọjọ́ Sátidé kan fún yín. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, mò ń gbé yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà. Inú mi ṣì máa ń dùn tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn!

Oṣù Ràmàdáánì ni. Bàbá mi wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ kì í ṣe kíkí lásán o. Wọ́n ti sọ fún ìyá mi pé tí àwọn bá rí i pé ìyà ń jẹ mí l'Ékòó, àwọn máa mú mi padà sílé ni. Èmi rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, àwọn oníbàárà ti ń mọ̀ mí. Kí ni mo fẹ́ padà lọ ṣe nílé?

Ọ̀sán ni Bàbá dé. Wọ́n ní àwọn máa wà ní mọ́ṣáláṣí di ìrọ̀lẹ́, pé iyán ọwọ́ mi ni àwọn máa jẹ tí àwọn bá ṣínu. Bàbá mi kì í jẹ oúnjẹ rírà nínú ààwẹ̀ láé.

Mo ní kò séwu. Irọ́ ni! Sítóòfù mi gbẹ táútáú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti fi gbé kéègì kiri láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Dópẹ̀mú, kẹrosíìnì ò sí níbì kankan. Lánlọ́ọ̀dù wa kò sì fẹ́ rí èéfín igi nínú ọgbà rẹ̀. Búrẹ́dì ni mo ń jẹ ní sààrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá!

Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, mo wọ ọkọ̀, ó di ilé Yẹmí ní Ṣáṣá. Táípíìsì ni Yẹmí ní ọ́fíìsì ìjọba, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Oníbàárà mi ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ọ̀rẹ́ mi. Ife kẹrosíìnì kan péré ni mo fẹ́ tọrọ.

N ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi wọ kíṣìnì, tó gbé ike kẹrosíìnì jáde. Gbogbo èyí tó kù nílé rẹ̀ nìyẹn o! Mo bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ fi dáná.

“Fi mí sílẹ̀ jàre. Tèmi á yanjú. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n mú ẹ lọ sílé ni?”

Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ṣé ẹ rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí?

A kọ́kọ́ se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, mo ní kó bá mi tọ́ ọ wò, torí mo ń gbààwẹ̀.

“Rìsí, èmi náà ń gbààwẹ̀ o! Ìgbà Lẹ́ńtì la wà, àbí o ò mọ̀ ni?”

A wo ara wa. Ẹ̀rín pa wá débi pé mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo ará ilé ti jáde lọ, àfi ìyàwó lánlọ́ọ̀dù, Àlájà sì lòun náà. Ta la fẹ́ pè? A sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, a gbé iṣu kaná.

Nígbà tí aago mẹ́fà lù, ààwẹ̀ Yẹmí parí, tiwa ku bíi wákàtí kan. Ó da ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Rìsí, iyọ̀ dà?”

Mo rò pé ó ti fi sí i nígbà tí mo lọ yá odó lọ́dọ̀ Àlájà. Òun náà rò pé mo ti fi sí i kí n tó lọ. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ rárá ni mo fẹ́ gbé síwájú bàbá mi! Kíá la dá a padà sórí iná.

Mo ní kó bu oúnjẹ jẹ. Ó kọ̀, kò tiẹ̀ mu omi. Ó ní gbogbo wa la jọ máa ṣínu, ló bá gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, ó ń gún iyán lọ.

Bàbá dé, wọ́n kírun, wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Wọ́n jẹ òkèlè mélòó kan, wọ́n wá bi mí pé ta ló gún iyán yìí. N ò mọ ohun tó ṣe mí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: kẹrosíìnì, búrẹ́dì, iyọ̀. Mo ti ba tara mi jẹ́ nìyẹn!

Yẹmí ni Bàbá kọjú sí.

“Ọmọ mi, ta lẹbí ẹ l'Ékòó níbí?”

Yẹmí nawọ́ sí mi. “Òun nìyí, Bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣàdúà fún un títí iyán fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Lọ́jọ́ kejì, mo sìn wọ́n dé gáréèjì. Báàgì tiwọn nìkan ni wọ́n gbé wọ ọkọ̀. Wọ́n ní kí n tètè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ìyà kọ́ ni Bàbá wá wò ní tòótọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo lẹ́nì kan ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló gbé èyí tó kù nílé rẹ̀ fún yín rí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa níbí, kí gbogbo wa bá yín ṣàdúrà fún un!