Fóònù Inú Kẹ́ẹ̀gì

Obìnrin tí wọ́n fi sínú fóònù láti máa sọ fún wa pé nọ́ńbà tí à ń pè kò lọ, ó ti sú mi pátápátá. Kì í rẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ kì í yí padà, kò sì mọ̀ pé ìyá ẹni là ń wá.

Ìgbókòdá ni mò ń gbé. Iye, ìyá mi, wà ní Abẹrẹkẹ, níbi tí òkun ti gbé ilé ìdáná rẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra fóònù fún un, kí n lè máa gbọ́ bó ṣe jí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní òkun tún ti ya wọ ìlú wọn. Mo pè, obìnrin inú fóònù ló dáhùn. Mo tún pè, òun náà ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wá wọlé pé kí n ra orin tí àwọn tó bá ń pè mí yóò máa gbọ́. Mò ń wá Iye, wọ́n ń ta orin fún mi!

Mo sáré dé èbúté, awakọ̀ ní ọkọ̀ kò tíì kún. Nígbà tó kún, ó tan rédíò dé òkè. Mi ò dẹ́kun pípè títí a fi gúnlẹ̀.

Iye wà lórí pákó níwájú ilé, omi kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń sá ẹja.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ló bi mí.

"Iye, fóònù yín ńkọ́?"

Ó tọ́ka sí àjà. Kẹ́ẹ̀gì kan ló so rọ̀ níbẹ̀, irú èyí tí àwọn apẹja wa ń kó ìṣáná àti aṣọ gbígbẹ sí, tí wọ́n ń fi rọ́bà dì lẹ́nu pinpin, kó lè léfòó bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ó tú u. Fóònù náà wà nínú ọ̀rá lórí ọ̀rá, ó ti pa á.

Inú bí mi. "Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbọ́ mi nínú kẹ́ẹ̀gì?"

"Má pariwo mọ́ mi. Àwòrán bàbá rẹ wà lára ògiri ilé ìdáná yẹn, òkun gbé e lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn sọ ránṣẹ́ sí mi ló wà nínú eléyìí. Bí omi bá tún dé, ìyẹn á léfòó."

Mo gba fóònù náà, mo dá a padà sínú ọ̀rá àti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, mo sì fi rọ́bà di kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́nu le ju bí Iye ṣe dì í lọ.