Nígbà Tí Ìjọba Fi Mí San Gbèsè

Mo rántí ìgbà tí ìjọba fi mí san gbèsè. Mi ò sọ àsọdùn rárá. Mo jáde nílé wa ní Òkè-Fìà láàárọ̀ ọjọ́ kan bí ọmọ ẹni iyì, mo fín lọ́fínńdà, mo wọ bàtà gogoro tí mo rà ní Alekuwodo. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, èmi àti ìwé-ẹ̀rí mi ti di ohun ìní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Iwaraja.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín àwọn tíṣà ní Òṣogbo ni mo gbà lọ. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ olùkọ́, ibi tí wọ́n máa gbé mi sí ló kù. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ọ̀gá ibẹ̀ fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa, kí n lè máa sáré wálé jẹun nígbà ìsinmi. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ gan-an, nítorí ó dá mi lójú nígbà yẹn pé ẹni tó bá ti ka ìṣirò jáde ní yunifásítì, kò síbi tí wọn ò ní fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọ̀gá kò ṣeé dé. Àwọn bàbá arúgbó kan lóṣòó síbẹ̀, wọ́n dí i pa, wọ́n wọ òfì, wọ́n dé fìlà, bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò pariwo, wọn ò bínú, wọn ò tilẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn lóṣòó ni. Mo bi akọ̀wé kan léèrè, ó ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń wá, pé ojú fèrèsé ni ọ̀gá ń gbà wọlé báyìí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo yí sẹ́yìn ilé, tí mo rí àga tí wọ́n gbé sábẹ́ fèrèsé, tí ipa bàtà ọ̀gá sì hàn lára ògiri.

Òṣómàáàló ni àwọn bàbá náà nígbà èwe wọn. Kò sí Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ iṣẹ́ yẹn: kéèyàn ru aṣọ lọ sílùú òkèèrè, kó tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ bá sì pé, kó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kó má dìde títí onítọ̀hún yóò fi san án. Iṣẹ́ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, àwọn bàbá sì ti darúgbó, ṣùgbọ́n ara wọn kò gbàgbé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tí wọ́n wá gbà ní Òṣogbo kì í ṣe owó, tíṣà ni. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo tó wà nítòsí ìlú wọn, ti aládàáni ni, ọmọ tálákà kò sì lè yọjú síbẹ̀. Ni ìlú bá pinnu láti dá ti gbogbo ènìyàn sílẹ̀, níbi tí ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, ọmọ Áńgílíkà, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ olórìṣà yóò jọ fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì kan náà, láìsan kọ́bọ̀. Ọkùnrin mọ búlọ́ọ̀kù, obìnrin pọnmi, wọ́n kan páànù sí i lórí, wọ́n sì fi ilé náà lé ìjọba lọ́wọ́. Kọmíṣánnà kan wá gé rìbọ́nnì níbẹ̀, ó jẹ iyán, ó ní tíṣà máa dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú lòun rò pé òun sọ. Àwọn bàbá wọ̀nyí ní tiwọn kà á sí àwìn, wọ́n sì ń ka ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ parí, ọdún parí, pírínsípà nìkan ló dé, ó ń kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ àfi ìṣirò. Àwọn tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò wá sọ fún wọn pé bí kò bá sí tíṣà ìṣirò kí táàmù tuntun tó wọlé, wọn ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ ibẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde, wọ́n á sì ti ilé náà pa. Àwọn ọmọ yóò padà sóko nìyẹn.

Gbogbo èyí kò yé mi lọ́jọ́ náà. Mo ṣáà ń wá ibi tí mo lè fẹsẹ̀ sí láàárín wọn, mo ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n kọjá," ni ọ̀gá bá gbọ́ ohùn mi, ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó yọrí.

"Kí lo kà ní yunifásítì?"

"Ìṣirò ni, sà."

Ojú rẹ̀ tàn. Mo rò pé ọpọlọ mi ló wú u lórí, mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde. Tíṣà yín rèé."

Ẹni tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Alága, kò dìde. Ó gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ìgàn aṣọ wò.

"Ṣé ojúlówó ni?"

"Ojúlówó ni, Bàbá."

"Kò níí ṣí?"

"Kò ní ṣí, sà."

Bàbá ní kí n yí ara po kí òun rí ẹ̀yìn mi. Mo yí po. Títí di òní ni mò ń bi ara mi pé kí ló ṣe mí tí mo fi yí po. Ó mi orí, ó wá kọjú sí ọ̀gá, ó ní, "Èènì ńkọ́?"

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, àwòrán ayé rogodo kan wà níbẹ̀ tó ti lu lápá ibi tí òkun wà. Ó gbé e fún wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dìde, wọ́n ń di ara wọn mú, orúnkún wọn ń dún.

Wọ́n mú mi gba Òkè-Fìà kọjá kí n lè kó ẹrù. Ìyá mi ń ta páìpù omi àti ẹ̀rọ tó ń tú omi ìwẹ̀ síni lórí níbẹ̀, mo sì gbà pé bó bá gbọ́, á figbe ta, á ní kò síbi tí ọmọ òun ń lọ. Ìyá mi gbọ́ tán, ó bi Bàbá bóyá ẹ̀rọ omi wà nílùú wọn. Bàbá ní kò sí. Ni ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó páìpù jáde, ó ní òun lè tà á fún wọn láwìn. Àwọn bàbá wo ara wọn, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àwọn nìkan ló mọ ohun tí àwìn lè dá sílẹ̀. Báyìí ni ìyá mi ṣe ra búrẹ́dì fún mi, ó ki ọwọ́ bọ fèrèsé mọ́tò, ó fi pa mí lórí. Àárín àwọn bàbá ni wọ́n fi mí sí lẹ́yìn ọkọ̀, bóyá kí n má baà bẹ́ sílẹ̀, ayé rogodo sì wà lórí ẹsẹ̀ mi títí a fi kọjá Iléṣà.

"Ulé ùwé wa rèé," ni Bàbá Alága wí nígbà tí a dé. Mo ń retí ilé ẹ̀kọ́ tó ní géètì. Kò ní géètì, kò tilẹ̀ ní ọgbà, nítorí wọ́n ní ti gbogbo ènìyàn ni, ta la fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́? Gbogbo ènìyàn sì ń wọlé lóòótọ́. Ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ á gbé agbọ̀n kalẹ̀, á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á gbọ́ díẹ̀, á máa lọ. Àwọn bàbá òṣómàáàló náà máa ń wá, wọ́n fẹ́ rí i bóyá ọjà tí wọ́n gbà ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ lẹ́tà x sójú pátákó, tí mo ní ká jọ wá a, Bàbá Alága nawọ́ sókè. Ó ní ta ni ẹni yẹn, kí ló sì jẹ tí ó fi ń sá pamọ́. Mo ṣàlàyé, mo làágùn, mo ní kì í ṣe ènìyàn, sà. Bàbá ní kò burú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ni, òun á kọ́kọ́ lé gbogbo àwọn tó yí i ká lọ sódì kejì, kó ku òun nìkan, kò ní ríbi sá sí mọ́. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í sọ pé àwọn ti rí x, wọ́n á ní, "Àǹtí, ó ti san án."

Ìwà ilé ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, kò sì pẹ́ tí ojú mi fi rí i dáadáa. Bí ọmọ bá pẹ́ dé, mo máa ń ní kó lọ lóṣòó síwájú pátákó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ wá ní Òṣogbo. Àwọn ọmọ yìí á lóṣòó tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á na àyà, wọ́n á máa wò mí. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, kí lẹ jẹ wá?" Nígbà tí mo pẹ́ láti fún wọn ní máàkì ìdánwò kan, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo rí odindi kíláàsì tó lóṣòó yí yàrá mi ká nínú yunifọ́ọ̀mù. Mo fi aṣọ ìsùn jókòó ṣe máàkì náà lójú wọn. Pírínsípà, ọkùnrin tó lọ́wọ̀ lára, tó ń kọ táì lójoojúmọ́, mo bá a níjọ́ kan tó lóṣòó síwájú ilé ẹni tó yá àkàbà ilé ẹ̀kọ́ tí kò dá a padà. Ó rí mi, ojú tì í, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ní gbogbo àsìkò yìí, mò ń wá bí mo ṣe máa padà sí Òṣogbo. Ìbátan bàbá mi kan bá mi ṣe é, wọ́n sì kọ̀wé sí mi pé kí n máa bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀yìnkùlé wa tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀. Táàmù kan péré ló kù kí àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé ṣe ìdánwò àṣejáde. Bí mo bá lọ, mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wọn. Mo sọ fún ara mi pé ìjọba á wá nǹkan ṣe sí i. Pírínsípà nìkan ni mo sọ fún, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ìlú ti gbọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn bàbá náà máa wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ti múra sílẹ̀ dè wọ́n, mo ti mọ bí mo ṣe máa dúró, bí mo ṣe máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbésí ayé tèmi. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé báàgì, mo ṣílẹ̀kùn.

Ewúrẹ́ méjì ló wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú bí mi burúkú. Mo tilẹ̀ padà wọlé, mo tún bàtà mi dè, bóyá wọ́n pẹ́ ni. Nígbà tí mo jáde, àwọn ewúrẹ́ pàápàá ti lọ. Mo fi ìbínú gbé báàgì, mo forí lé ibi tí ọ̀kadà ń dúró sí.

Iwájú gbọ̀ngàn ìlú ni mo ti rí àwọn bàbá náà. Wọ́n ń kọ́ra. Bàbá Alága dúró síwájú wọn, ó ń pàṣẹ, "Ó yá, ẹ lóṣòó!" Wọ́n á sọ ara wọn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún á máa ké. Ọ̀kan ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Òmíràn rí i ṣe, ṣùgbọ́n kò lè dìde mọ́, àwọn tó lọ fà á sókè sì wó lé e lórí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, eruku ti bo aṣọ wọn.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"À ń múra Òṣogbo ni. Tíṣà mìíràn la fẹ́ lọ gbà."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá sẹ́nu ọ̀nà mi?"

"Ìwọ kọ́ lo jẹ wá," ó ní. "O ti ṣe tìrẹ, ọmọ mi. Uṣẹ́ rẹ dára. Máa lọ sí ulé."

Ó fẹ́ fi hàn mí pé ó ṣì lágbára. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kò dé àárín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò lè lọ sísàlẹ̀, kò lè padà sókè. Mo rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Àánú wọn ṣe mí, àánú ara mi náà sì ṣe mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sí ẹni tó wá mi tó báyẹn rí, àní ọkùnrin tó ń fẹ́ mi nígbà náà, fóònù nìkan ló mọ̀. Mo gbé báàgì kalẹ̀, mo di Bàbá mú lápá, mo gbé e nàró.

"Ẹ má lọ mọ́, sà. Mi ò lọ mọ́."

Ó wò mí. "Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, sà."

"Ó dáa," ó ní. "Àwọn ọmọ ti wà ní kíláàsì. O ti pẹ́."

Àwọn ọmọ náà ṣe ìdánwò wọn, wọ́n yege, ẹnikẹ́ni kò sì ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa. Mo ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo fẹ́ ọkọ níbẹ̀, mo bímọ níbẹ̀, àwọn ọmọ mi ń pe iṣu ní uṣu. Nígbà mìíràn tí mo bá rántí ọmọbìnrin tó fín lọ́fínńdà lọ tọrọ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò bá a jà.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni Bàbá Alága kú. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá síbi ìsìnkú nínú yunifọ́ọ̀mù. Nígbà tí àlùfáà gbàdúrà tán, tó ní kí wọ́n da erùpẹ̀ bo pósí, ọmọbìnrin kan jáde láàárín wọn, ó lọ lóṣòó sí etí sàréè. Èkejì tẹ̀ lé e, ìyókù sì tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn tó mú ṣọ́bìrì dúró, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Àlùfáà tẹ̀ba, ó rọra ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ fẹ́ gbà?"

Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá wa ni, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà mo ká aṣọ mi sókè, mo lọ lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, kò tíì sí ohun tí a lóṣòó fún tí a kò rí gbà, látorí bẹ́ǹṣì dórí kànga. A pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ẹsẹ̀ wa kú tìpìrì, eruku ọyẹ́ bò wá, kò sì sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó yá, a di ara wa mú, a dìde.