Adésọjí Awéwáyà Níwájú Ẹ̀rọ Òòfà

Bí ẹ bá dé àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó-Èkìtì, tí ẹ bèèrè Adésọjí awéwáyà, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ọmọ ìlú Ìyìn ni. Wáyà kọ́pà ló ń wé ní kọ́ìlì sínú pọ́ǹpù omi àti jẹnẹrétọ̀ tó bá jóná. Ó mọṣẹ́, kò sírọ́ ńbẹ̀, àmọ́ ìtọpinpin rẹ̀ ti pọ̀ jù! Gbé pọ́ǹpù lọ fún un, á bi ọ́ bí kànga yín ṣe jìn tó, ta ló gbẹ́ ẹ, kí ló dé tí ẹ ò gbẹ́ ẹ sẹ́yìnkùlé. Bí o bá bínú, á ní ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Tiwalọpẹ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, lọmọ kan ṣoṣo tó bí. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fóúnjẹ, ààwẹ̀ ni gbogbo ìjọ Àládùúrà tí wọ́n ń lọ pè é. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta, ó fi méje lé e, àwọn ìyá ìjọ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọmọ yìí mà lẹ́mìí àdúrà o! Ẹ gbà mí, àìsàn ni wọ́n ń yìn! Adésọjí náà ń fi ọmọ yangàn. Bọ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ ló fura, lọ́jọ́ tí gbogbo ìjọ ṣínu tí Tiwalọpẹ́ ò ṣínu. Kò pẹ́ ló dákú, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Oṣù mẹ́jọ ni Dókítà Dùnmínínú fi oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ àti ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú rẹ̀, àmọ́ àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Dókítà wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣì ń dán wò. Wọ́n á gbé e lé orí aláìsàn, á máa fi agbára òòfà ta ibì kan jí nínú ọpọlọ. Ó ní ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran àwọn mìíràn, kò sì rọ́pò oúnjẹ. Tiwalọpẹ́ ní òun ò ní jókòó sábẹ́ ẹ̀. Wọn ò lè fipá mú un, ara rẹ̀ sì ń tán lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ọ̀hún hàn wọ́n, ojú Adésọjí là.

"Dókítà, kọ́ìlì mà nìyí! Ṣé kọ́pà ló wà nínú ẹ̀?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n wé e? Kì í gbóná? Báwo ló ṣe ń gba inú egungun kọjá?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òòfà kì í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ egungun.

"Ẹ gbé e lé tèmi ná!"

Dókítà bi í bóyá irin wà lórí rẹ̀, bóyá gìrì mú un rí. Ó ní rárá. Wọ́n gbé e lé e lórí, ẹ̀rọ dún pé tó! Àtàǹpàkò ọ̀tún Adésọjí fò sókè fúnra rẹ̀.

"Yéè! Mi ò rán an níṣẹ́ o! Ẹ tún un ṣe!" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tiwa, kò dunni rárá. Mo ti bèèrè gbogbo ẹ̀ tán."

"Bàámi," Tiwalọpẹ́ dáhùn, "gbogbo ìbéèrè yìí, ẹ̀rọ lẹ bi. Èmi ńkọ́? Láti oṣù mẹ́jọ, 'jẹun, jẹun' lẹ ń sọ. Ẹ ò bi mí ní ẹyọ kan."

Ojú ti Adésọjí gan-an. Ó fa àga sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó wá bi í.

"Kí ló máa ń ṣe ọ́, tí wọ́n bá gbóúnjẹ síwájú ẹ?"

"Ẹ̀rù. Bí ẹni pé mo fẹ́ dẹ́ṣẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á, Bàámi. Àmọ́ ìgbà tí mi ò jẹun yẹn nìkan lẹ ń fi mí yangàn."

Omi bọ́ lójú bàbá. Kò wá àwáwí. "Dárí jì mí, ọmọ mi."

Tiwalọpẹ́ dìde, ó lọ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ. "Ẹ jókòó síwájú mi. Tó bá ń dún, ẹ má wo kọ́ìlì o. Èmi ni kí ẹ máa wò."

Ogún ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ fi dún. Adésọjí ò wo ibòmíràn.