Eku Inú Àjà Tí Mo Kàn

Òórùn kan wà nínú yàrá wa ní Tudun Wada, ní Kaduna, lọ́dún tí Àdùkẹ́ ìyàwó mi bí Ìbídùn, àkọ́bí wa. Ó dà bí ìtọ̀ tó gbẹ mọ́ aṣọ. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku bo gbogbo nǹkan, mo sì ní eruku ló ń rùn. Eruku kì í rùn bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kan pákó àjà yẹn nígbà òjò, abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé eku wọ inú iṣẹ́ mi?

Àdùkẹ́ ló sọ ọ́. Ìyá mi ti fi igbá òrí kan ránṣẹ́ láti Ọ̀fà, tí a ó máa fi pa ọmọ lára, torí ọyẹ́ Kaduna a máa la awọ ọmọ tuntun. Inú àjà la gbé e sí torí yàrá wa kò fẹ̀. Lọ́jọ́ kan Àdùkẹ́ gun àkàbà lọ bu òrí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Ìgbẹ́ eku ni, dúdú, ó ń dán.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ wò ó, ó ṣì rọ̀. Ti àtijọ́ a máa gbẹ ni. Àpá eyín wọn wà lójú òrí bí ìgbà tí wọ́n fi òòyà ya á. Ọ̀nà wọn sì ti dúdú lára ògiri, ó ń dán bí ibi tí èèyàn ń gbé orí tì."

"Asín ni," mo ní. "Kòkòrò ni asín ń jẹ."

"Asín ló wá ń jẹ òrí?"

Ìyá Ràfíù, ará Ìlọrin tó ń gbé yàrá kejì, ti gbọ́ wa. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Haba, káfíńtà! Ilé tí o kọ́ fún eku yìí, ìgbà wo la ó jẹ ìṣílé?"

Inú bí mi. Àdùkẹ́ ní kí n tú pákó igun kan wò, mo ní ó dọ̀la. Ó dọ̀la, mo ní ó di Sátidé. Òrí yẹn náà la sì ń fi pa ọmọ lára lójoojúmọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń fá pákó lágbàlá, Àdùkẹ́ ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ọmọ sùn lórí ẹní nínú yàrá. Àdùkẹ́ gbé orí sókè.

"Ẹ gbọ́. Nǹkan bọ́ sílẹ̀ nínú ilé."

"Jẹ́ kí n parí èyí."

Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́ kí n tó dìde. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbá ọmọ mọ́ àyà, eku méjì ń gun ògiri gba ojú ọ̀nà dúdú tó fi hàn mí. Igun àjà ni wọ́n wọ̀. Pákó tútù ni mo kàn. Ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́, ó ti sún kì, àlàfo tó gba ìka mẹ́ta ti ṣí sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní gìgísẹ̀ ọmọ, níbi tí òrí ti pọ̀ jù.

Ìyá Ràfíù fi omi iyọ̀ fọ ojú egbò náà, kò sì dá àpárá kankan. Èmi tú àjà yẹn kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ mélòó kan la fi ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Kò gbóná.

Bí Ìbídùn ti ń dàgbà, tó bá bi mí nípa àpá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo máa ń ní eku ló fẹ́ jẹ ẹ́, èmi ni mo sáré wọlé. Àdùkẹ́ a máa gbọ́, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọdún yìí la sin Àdùkẹ́. Níwájú gbogbo èèyàn, Ìbídùn dìde, ó ní ìyá òun tọ́ òun, ṣùgbọ́n bàbá òun ló gba òun lẹ́nu eku. Mo fi ọ̀pá dìde.

"Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi," mo ní. "Ìyá rẹ ló sáré. Èmi ń fá pákó."