Ta Ni Nọ́ńbà Kìíní?

O ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní Bódìjà, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tó máa ń rùn fún èéfín jẹnẹrétọ̀. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ́fíìsì kéékèèké nígbà náà. Fọ́tòkọ́pì ni mo ń ṣe, àfi bí mo ṣe lanu gbàgàdà sọ fún ọ̀gá wa pé mo lè so kọ̀ǹpútà wa márààrún pọ̀. Wáyà kan ṣoṣo tí yóò gba ẹ̀yìn gbogbo wọn kọjá ni ọ̀gá fẹ́. Mo ní rárá, bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ, gbogbo wọn ló máa kú. Họ́ọ̀bù ni mo ní kí wọ́n rà, àpótí pẹlẹbẹ tí wáyà ti ń lọ sídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rà á ní Dùgbẹ̀, wọ́n wò mí lójú. “Bí kò bá ṣiṣẹ́ títí di aago márùn-ún Ọjọ́bọ̀, wàá dá a padà, ìwọ náà á padà sídìí fọ́tòkọ́pì.”

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ilé ládùúgbò, kí iṣẹ́ má baà ṣìnà. Mo fi nọ́ńbà kìíní fún ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo wa, èyí tó dá wà ní kọ̀rọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò jókòó tì. Ọ̀gá gba kejì. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó ń bá wọn tẹ̀wé, gba kẹta. Ìgbéraga wá jẹ́ kí n kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà padà. Ṣé o rí orí mi?

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, fáìlì kọ̀, kò dé mọ́. Mo tú wáyà, mo tún un dì, òógùn bò mí. Ìgbà tí mo yọjú wo ẹ̀rọ ọ̀gá ni mo rí i: kìíní. Mo sáré wo ti ẹ̀gbọ́n wọn: kìíní. Ẹ̀rọ mẹ́ta, nọ́ńbà kan!

“Ẹ̀yin lẹ yí i, sà?”

Ọ̀gá fa ojú ro. “Èmi ni mo dá ibí yìí sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ò lẹ́nì kan nídìí ló máa ṣáájú mi?”

Ẹ̀gbọ́n wọn pòṣé lẹ́yìn wa. “Ìwọ lo dá a sílẹ̀. Ta ló pọ̀n ọ́?”

“Àǹtí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ la ń sọ.”

“Ọ̀rọ̀ àgbà lèmi ń sọ.”

Ta ni mí tí màá sọ fún àgbà méjì pé wọ́n ṣìṣe? Aago márùn-ún sì ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú. Nọ́ńbà kìíní ni ẹni tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́: gbé èyí wá, gbé tọ̀hún lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa rán yín níṣẹ́ ni.”

Wọ́n wo ara wọn.

“Máa gba kìíní rẹ o, àbúrò mi.”

“Rárá o, Àǹtí, àgbà ló ń ṣáájú.”

Mo dá nọ́ńbà kálukú padà, kí aago márùn-ún sì tó lù, fáìlì ti ń lọ geere. Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ so ẹ̀rọ pọ̀ níbikíbi, ẹni tó dàgbà jù ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ẹni tó pọ̀n ọ̀gá dàgbà, tó wá ń tẹ̀wé lábẹ́ ẹ̀, ibo ló tún kù tó ti lè ṣáájú?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun àtẹ̀gùn wọlé bí ẹni tó jẹ oyè. Wọ́n ti lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn àga mi: NỌ́ŃBÀ KÌÍNÍ. Kí n tó jókòó, ọ̀gá ti ní kí n lọ ra búrẹ́dì wá, ẹ̀gbọ́n wọn sì ń pariwo láti ìdí ẹ̀rọ tirẹ̀ pé kí n má gbàgbé àkàrà.