Sílíìfù Tí Àrìnkẹ́ Gbé Lọ sí Àjàgbà

Ẹ́ńjìnnì tí Àrìnkẹ́ fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Igbótako ti ń mu ọ́ìlì láti ìgbà Àjíǹde, ṣùgbọ́n ó ń fara dà á. Nígbà tó di oṣù keje, èéfín rẹ̀ di aró, àwọn obìnrin tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá sì ń fi ìborùn bo imú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó kú pátápátá. Lérè, mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, tú orí rẹ̀ sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú ihò tí písítìnì ń gbà gòkè gbà sọ̀, ó mi orí.

"Ìyé, sílíìfù ti jẹ," ó ní. "Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ó ti ní ètè lókè níbí."

Àrìnkẹ́ fi èékánná tọ́ ọ lọ tọ́ ọ bọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ó mọ ohun tí sílíìfù jẹ́: irin róbótó oníhò tí wọ́n ń kì bọ inú bulọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, kí písítìnì lè máa jẹ ẹ́ dípò kó jẹ bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ju bí obìnrin tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ti máa ń mọ̀ ọ́n lọ, Lérè kò sì béèrè rí ibi tó ti kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé bulọ́ọ̀kù náà sí ẹ̀yìn takisí, ó di Òkìtìpupa, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó wà létí títì, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣì ń dán. Lérè ti yìn wọ́n lọ́nà pé ojúmọ́ kan péré ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ yọ sílíìfù kan nínú ọ̀rá, ó gbé e lé Àrìnkẹ́ lọ́wọ́. Ó fúyẹ́. Àrìnkẹ́ fi ìka tọ́ ètè rẹ̀ yípo, ó rí i pé apá kan nípọn ju apá kejì lọ.

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ wọn inú bulọ́ọ̀kù ná?" ó béèrè.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, iṣẹ́ wa nìyí. Ojú la fi ń wọ̀n ọ́n."

Àrìnkẹ́ dá sílíìfù náà padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní kí Lérè gbé bulọ́ọ̀kù padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó, Lérè bi í pé níbo ló kù.

"Àjàgbà," ó ní.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì tí Àrìnkẹ́ ti ń yẹ Àjàgbà sílẹ̀. Bí wọ́n bá sìnkú níbẹ̀, á fi owó ránṣẹ́. Bí wọ́n bá gbéyàwó níbẹ̀, á ní ara òun kò yá. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọkùnrin kan tó ń gbé níbẹ̀, Ọláìtán, ní ọwọ́ tó dára jù lọ nídìí irin ní gbogbo agbègbè yẹn, Àrìnkẹ́ náà sì mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà kan ní Igbótako. Ọláìtán ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Bí wọ́n bá ti parí ìdánrawò orin, Àrìnkẹ́ a lọ jókòó sórí ògbólógbòó bulọ́ọ̀kù ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, Ọláìtán a sì máa fi irin hàn án. Òun ló kọ́ ọ pé èékánná ń rí ohun tí ojú kò rí. Òun ló kọ́ ọ láti gbá irin pẹ́pẹ́ kó sì fetí sí i, nítorí pé èyí tó bá sán nínú kì í dún kanlẹ̀.

Ọláìtán wá tọrọ rẹ̀. Bàbá Àrìnkẹ́ ni olórí ìjọ. Kò sọ pé òun kò fẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wòlíì obìnrin kan dìde, ó ní òun ríran pé bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ra, ilé wọn kò ní gbọ́ ẹkún ọmọ. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àrìnkẹ́ kò jà, kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Ọláìtán kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Àjàgbà. Àrìnkẹ́ fẹ́ tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti Ìkàrẹ́, ó bí ọmọ méjì fún un, ọkùnrin náà sì kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò ṣe ohun tó burú sí i rí, ìyẹn gan-an ló mú kí ó ṣòro fún Àrìnkẹ́ láti sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n dé Àjàgbà, abẹ́ páànù ni wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù Ọláìtán. Irun rẹ̀ ti funfun, ó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Ó ń tẹ̀ síwájú láti bá Lérè gbé bulọ́ọ̀kù nígbà tí Àrìnkẹ́ kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí irin.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní.

"Ẹ" tó pè é yẹn gún un láyà. Ìwọ ni wọ́n ń pe ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ọláìtán kò sọ iye, kò sì sọ ọjọ́. Ó nu inú ihò bulọ́ọ̀kù, ó ki ohun ìwọ̀n bọ̀ ọ́: ó wọ̀n ọ́n lókè, ó wọ̀n ọ́n láàárín, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n níbùú. Gbogbo rẹ̀ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára bulọ́ọ̀kù.

"Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn fi sílíìfù tín-ín-rín sí i," ó ní. "Ibi tó jókòó lé ti jẹ, ó wá rì wọlé. Bí a bá tún ki tín-ín-rín mìíràn bọ̀ ọ́, yóò tún rì. Màá gé ihò náà fẹ̀ díẹ̀, màá fi èyí tó nípọn sí i."

Ó gbé méjì kalẹ̀ lórí tábìlì, tuntun kan tó ń dán, àti èyí tó dúdú tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ yàn án fúnra yín."

Àrìnkẹ́ gbé wọn ró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi orí ìka gbá wọn. Tuntun dún pọ́. Dúdú dún gooro, ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó lọ. Ó na dúdú sí i.

"Ẹ ò gbàgbé," Ọláìtán ní.

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan."

Lérè ní òun ń lọ ra omi tútù. Kò tíì lọ jìnnà tí obìnrin kan fi jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó gbé púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ọbẹ̀ ẹja sórí àwo. Agatha ni, ìyàwó Ọláìtán. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó wo Àrìnkẹ́ dáadáa.

"Ẹ̀yin ni Àrìnkẹ́," ó ní. Kò béèrè, ó kàn sọ ọ́ ni. "Bí ibà bá ń ṣe ọkọ mi, orúkọ yín ló máa ń pè. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti rí yín." Kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀. Ó bu omi ìfọwọ́ fún un. "Ẹ jẹun, ọ̀nà yín jìn."

Àrìnkẹ́ jẹun. Kò mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán, nítorí pé kò fẹ́ kí obìnrin náà rò pé òun kórìíra oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà tó ń dìde, Agatha ti wọlé. Ọláìtán ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ṣé o gba ìran yẹn gbọ́?" ó béèrè.

"Mo bẹ̀rù ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà."

"Mo dúró dè ọ́ fún Sọ́ńdè mẹ́ta kí n tó kó lọ."

"Mo mọ̀," Àrìnkẹ́ ní. "Mo ń kà wọ́n."

Ọjọ́ kẹrin ni Àrìnkẹ́ padà lọ gbé bulọ́ọ̀kù náà. Sílíìfù ti jókòó, ètè rẹ̀ yọ sókè ju ojú bulọ́ọ̀kù lọ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun, kí orí ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Nínú rẹ̀, òkúta tí Ọláìtán fi lọ̀ ọ́ ti fa ìlà tó dábùú ara wọn bí ojú àwọ̀n, kí ọ́ìlì lè rí ibi fara mọ́. Ọláìtán ní kí wọ́n má tíì fi ṣe iṣẹ́ tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ méjì. "Lẹ́yìn náà, màá wá fún àwọn nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ le fúnra mi," ó ní.

Lérè tò ó, ẹ́ńjìnnì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìsí èéfín. Ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Àrìnkẹ́ kun ògiri ilé ẹ̀rọ. Ó ra àga tuntun kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí àwọn oníbàárà ni.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, fóònù rẹ̀ dún láàárọ̀.

"Mi ò ní lè wá," Ọláìtán ní. "Lérè mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ọ̀tì àárín, kí ó máa fún wọn le lọ síta."

"Ṣé kò sí o? Ṣé ara yín le?"

"Ara mi le." Ó wá ní, "Bí mo bá dé Igbótako, Àrìnkẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa padà sílé."

Àrìnkẹ́ fi ọwọ́ di ara ògiri mú.

"Ṣé ó ń dún dáadáa?" Ọláìtán béèrè.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín."

Ó rìn lọ sídìí ẹ́ńjìnnì, ó na fóònù sí i. Ẹ́ńjìnnì ń dún geerege, láìsí ikọ́ kankan. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi ń ro ó, ó gbé e sí ọwọ́ kejì. Nígbà tó gbé fóònù padà sétí, Ọláìtán ṣì wà níbẹ̀, Àrìnkẹ́ ń gbọ́ mímí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìlà já.

Obìnrin méjì ti gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè bóyá ó ti ṣeé lọ̀. Àrìnkẹ́ ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.